Bí Àǹtí Bá Kó Oògùn Ṣáínà Dé: Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Gbà Á, Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Lò Ó, àti Èyí Tí Ẹ Ò Gbọdọ̀ Fẹnu Kàn

Tó bá ti di oṣù Kejìlá báyìí, àwọn tiwa tó wà ní Guangzhou á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Iléṣà, àwọn kan wá ṣe Kérésì, àwọn kan torí Ìwúdè, àwọn míì ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Bólórundúró ni wọ́n wá wò. Ìjẹ̀ṣà òṣomàálò, ibi tí ọjà bá wà la máa ń wà, Ṣáínà ò lè yọ wá sílẹ̀. Aṣọ, bàtà, ṣájà, wíìgì, gbogbo ìyẹn la ti ń retí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nylon kan máa ń wà nísàlẹ̀ bàágì tó jẹ́ pé oògùn ló kún inú ẹ̀: èso pupa gbígbẹ, egbò igi tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, báàmù inú agolo pupa kékeré, pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orúnkún, hóró dúdú róbótó-róbótó, tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ikùn. Àwọn àgbà ní oògùn tí a ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ní tiwa kọ́ o! Oògùn ọ̀fẹ́ tó bá ti lè wọ bàálù, inú pálọ̀ ni wọ́n ti máa pín in tán, kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì àwọn ìyá ilé ẹ̀gbẹ́ á ti wá kí Àǹtí káàbọ̀, kí tí wọ́n kí yẹn, orúnkún tó ń ro wọ́n ló gbé wọn wá.

Mi ò sí lára àwọn tó ń ní oògùn Ṣáínà ò dáa, mi ò sì sí lára àwọn tó ń ní ewé ni, ewé ò lè pààyàn. Àgbo tiwa náà ti pẹ́ láyé, ṣebí gbogbo wa la sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ewé tó bá tutù la máa ń já sínú ìkòkò. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju pé ọ̀nà wà téèyàn fi lè gba ẹ̀bùn yẹn tọwọ́-tẹsẹ̀, kó lo èyí tó dáa nínú ẹ̀, kó sì gbé ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìjẹ́ pé ojú ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ gbà á dáadáa ná. Obìnrin kúnlẹ̀, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, "ẹ ṣé mà, ẹ ẹ́ ṣe jù báyìí lọ". Owó ni wọ́n fi rà á, wọ́n tún san owó ẹrù lé e lórí, kí ọmọ kan má lọ dìde níwájú àlejò kó ní "Àǹtí, ṣé ó ní nọ́ńbà NAFDAC?" Ìbéèrè tó dáa ni o, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ la ti ń bi í. Ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán, tí ilé ti dákẹ́, kẹ́ ẹ wá jókòó tì wọ́n, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó". Àgbàlagbà tẹ́ ẹ ní kó kọ́ yín, gbogbo ẹ̀ ló máa tú sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti rò pé ẹ fẹ́ yẹ òun lọ́wọ́ wò, ó parí nìyẹn.

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wọn ni orúkọ oògùn náà gan-an, ìyẹn orúkọ tó wà lára páálí, kì í ṣe "oògùn ẹ̀yìn" tàbí "tíì àwọn obìnrin", àti ẹni tó fún wọn. Ẹni tó fún wọn yìí ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Dókítà ìbílẹ̀ Ṣáínà tó mọṣẹ́ kì í kàn gbé oògùn lé èèyàn lọ́wọ́, á di ọrùn ọwọ́ méjèèjì mú, á fi ìka mẹ́ta gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù, á ní kó yọ ahọ́n síta, á bi í nípa oorun, ìgbẹ́, òógùn, nǹkan oṣù, lẹ́yìn ìyẹn ni á wá kọ ewé àti egbò oríṣiríṣi tí wọ́n máa wọ̀n pọ̀ fún ẹni yẹn. Orí lè máa fọ́ ẹni méjì kí wọ́n jáde níbẹ̀ pẹ̀lú oògùn tí ò jọra rárá. Torí náà tí Àǹtí bá ní "dókítà mi ló pò ó fún mi", oògùn Àǹtí nìyẹn o, kì í ṣe ti Mọ́mì, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn ló ń dun àwọn méjèèjì. Tó bá sì jẹ́ pé ọmọbìnrin tó ń ta nǹkan ní súpámákẹ́ẹ̀tì ló fi hàn wọ́n, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn, òṣomàálò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù yá. Ẹ ṣí Google Translate, ẹ kọ kámẹ́rà ẹ̀ sí ara páálí, á máa yí i padà fún yín lójú ẹsẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn á wọ́ díẹ̀ o, á ní "ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde, ó ń pa iná inú", ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ àìsàn lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn, ṣebí àwa náà ń sọ pé èjò wà nínú èèyàn. Ibi tí wọ́n kọ 成分 sí lẹ ń wá, ohun tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn. Kẹ́ ẹ wá wo déètì, ibẹ̀ ló ti ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Lára páálí oúnjẹ wọn, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, 生产日期, wọ́n á wá kọ iye oṣù tó lè lò, 保质期, síbòmíì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣírò ẹ̀. Mọ́mì á rí déètì ọdún tó kọjá á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á da nǹkan tó ṣì dáa nù. Lára oògùn ẹ wo 有效期, ìyẹn ló ń sọ ìgbà tó máa parí. Oògùn tí ìjọba Ṣáínà bá fọwọ́ sí máa ń ní 国药准字, lẹ́tà kan á tẹ̀ lé e, nọ́ńbà mẹ́jọ á wá tẹ̀ lé lẹ́tà yẹn: Z ni wọ́n ń kọ fún oògùn ìbílẹ̀ wọn, H fún oògùn òyìnbó. Èyí tí ò ní ìkankan lè jẹ́ oúnjẹ lásán, ó sì lè jẹ́ pé inú yàrá ẹnì kan ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú kápúsù. Ẹ fi máákà kọ orúkọ, déètì àti ẹni tó kó o wá sára nylon kọ̀ọ̀kan kí Àǹtí tó padà, torí tó bá ti di oṣù Kẹta, tẹ́ ẹ pè wọ́n pé "Àǹtí, èwo ni ti inú, èwo ni ti ẹsẹ̀", àwọn náà ò ní rántí mọ́.

Bí mo ṣe máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ rèé, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ya tiwọn náà ni: àsèjẹ, àgbo, ìpara, gbẹ́rẹ́, àgúnmu. Gbogbo ohun tó bá wà nínú nylon yẹn, ọ̀kan nínú márùn-ún yìí ló máa bọ́ sí, ibi tó bá sì bọ́ sí ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣọ́ra fún un tó.

Àsèjẹ ni mo fẹ́ràn jù, kí n má purọ́. Àwọn ará Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou wà, ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oògùn, ọbẹ̀ olómi tí wọ́n máa ń gbé kaná fún wákàtí gbọọrọ. Ẹ gbé ìdajì adìyẹ ìbílẹ̀ kalẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ wá fi omi tuntun bò ó, atalẹ̀ gígé mẹ́ta mẹ́rin, èso pupa tí wọ́n ń pè ní hongzao bíi 8 tẹ́ ẹ ti yọ kóró ẹ̀, egbò tí wọ́n ń pè ní huangqi, pẹlẹbẹ mẹ́ta. Kó hó, kẹ́ ẹ rẹ iná ẹ̀ sílẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 2. Tó bá ku ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ lẹ ẹ́ da gouqi ṣíbí kan sí i, àwọn èso pupa tín-tìn-tín yẹn, ẹ ẹ́ wá fi iyọ̀ sí i. Gáàsì wọ́n, ẹ lo èédú, ó tiẹ̀ dáa fún iná jẹ́ẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mọ́mì á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní "ata dà?" Ẹ fún wọn lata, kò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, nìkan ni kó má jẹ gouqi, ẹni tí wọ́n bá sì pààrọ̀ kíndìnrín fún kó fi huangqi sílẹ̀.

Tíì atalẹ̀ náà, abẹ́ àsèjẹ ni mo kà á sí. Atalẹ̀ ò nílò físà, ó wà lọ́jà Àtákúmọ̀sà. Ẹ bó èyí tó tó àtàǹpàkò, ẹ gé e wẹ́wẹ́, èso pupa 6 tẹ́ ẹ là sí méjì, omi kọ́ọ̀pù 3, kó hó jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ fi ṣúgà pupa sí i, kẹ́ ẹ mu ún gbígbóná. Tí nǹkan oṣù bá ń fún obìnrin ní inú, tàbí òtútù mú èèyàn níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, ó dáa gan-an. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó yọ ṣúgà kúrò kó sì fi èso yẹn mọ sí méjì péré, torí àdídùn ni òun náà.

Àgbo ló kàn, ìyẹn àwọn egbò àti ewé gbígbẹ tí wọ́n dì ní pọ̀nkẹ́-pọ̀nkẹ́. Tó bá jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́ fún Àǹtí, Àǹtí nìkan ni kó mu ún, mo ti sọ ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń sè é ni mo fẹ́ sọ, torí àṣà tiwa máa ń wọ̀ ọ́. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n ń lò, wọn kì í lo irin, wọn kì í lo álúmíníọ̀mù, àwọn tó ní ìkòkò àgbo nílé ti bọ́ sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún bí ìṣẹ́jú 30, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún da omi sí i sè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á wá da méjèèjì pọ̀, wọ́n á mu ún tán lọ́jọ́ yẹn. Ó parí, ìdọ̀tí ẹ̀ á lọ sí ààtàn. Kì í ṣe bíi tiwa tá a máa ń bomi lé, tá a máa ń gbé e kaná láràárọ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ẹ má fi àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí tiwa lé e lórí o, ẹ ò mọ ohun tí méjèèjì máa bá ara wọn sọ nínú ẹ̀dọ̀ yín.

Ewé kan wà tó ṣeé ṣe kí Àǹtí kó dé tí wọ́n á ní oògùn ibà ni, qinghao lorúkọ ẹ̀, èèyàn á sì fẹ́ gbà wọ́n gbọ́ torí ìtàn gidi ló wà nídìí ẹ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kárùn-ún ọdún 1967 ni ìjọba Ṣáínà dá iṣẹ́ àṣírí kan sílẹ̀ láti wá oògùn ibà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní 523. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Tu Youyou wà lára wọn, ó ń tú ìwé àtijọ́ kiri, ó wá kan ohun tí Ge Hong, oníṣègùn ayé àtijọ́ kan, kọ ní nǹkan bí ọdún 1600 sẹ́yìn: ẹ̀kún ọwọ́ qinghao kan, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ fún un, ẹ mu oje ẹ̀. Fún un ló sọ o, kò ní kí wọ́n sè é! Ibẹ̀ lobìnrin yẹn ti fura pé iná ló ń pa agbára ewé náà, ó wá fi ether, omi kẹ́míkà kan tó tètè ń fẹ́ lọ láìgba iná púpọ̀, yọ ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Artemether tó wà nínú hóró oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà ní kẹ́místì, ọmọ ewé yẹn ni, láti 2005 sì ni Nàìjíríà ti gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ síwájú gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà. Nítorí ìtàn yìí kan náà ni mi ò fi ní mu tíì qinghao fún ibà. Ohun tó wà nínú kọ́ọ̀pù kan lè kéré, ti òmíràn lè pọ̀, kòkòrò ibà tí kò bá kú tán á kọ́ bó ṣe máa gbójú sí oògùn, ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fi ní àwọn ò fara mọ́ tíì yẹn fún ibà. Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, tí ibà bá wà níbẹ̀ ẹ lo hóró ẹ̀ pé ọjọ́ 3. Kí lẹ tún ń wá lọ sórí ewé nígbà tí ọmọ ẹ̀ wà ní kẹ́místì Ẹrẹ́jà?

Ó kan ìpara, gbogbo ohun tí ò gba ẹnu wọlé ni mo kó sábẹ́ ẹ̀. Rírẹ ẹsẹ̀ ló rọrùn jù, àwọn Ṣáínà fẹ́ràn ẹ̀ kí wọ́n tó sùn: omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ dáadáa nínú bàsíà, kó dé kókósẹ̀ tàbí kó kọjá ẹ̀ díẹ̀, atalẹ̀ tẹ́ ẹ ti tẹ̀ sínú ẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20, tí òógùn bá ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ níwájú orí kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò. Dádì tó wakọ̀ ti Èkó dé á sùn bí ọmọ tuntun. Àmọ́ tí Dádì bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má ṣe é o jàre, tàbí kó jẹ́ omi tí kò gbóná rárá tí ẹlòmíì ti fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ wò, torí ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti kú, omi á bó o kò ní mọ̀ ọ́n lára, egbò yẹn ló sì ń di ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ gé ẹsẹ̀.

Báàmù inú agolo pupa, ẹ fi pa ẹ̀yìn, ejìká, ẹ̀bátí orí, kò sí wàhálà, ó jọ àbónìkí tá a mọ̀. Ọmọ ìkókó ni mi ò fẹ́ kó kàn. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti kánfọ̀ ló wà nínú ẹ̀, ara ọmọ tuntun lè fà á mu, àìtó G6PD, èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, sì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, pàápàá lára àwọn ọmọkùnrin. Ọmọ tó bá ní in, kánfọ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ojú ẹ̀ á pọ́n bí epo, tí ibà pọ́njú yẹn bá sì ga jù ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Ìyẹn ni ò ṣe yẹ kẹ́ ẹ kó bọ́ọ̀lù kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ náà, ti Ṣáínà ò sí nínú ìyẹn, tiwa ni.

Gua sha, ìyẹn kí wọ́n fi ṣíbí tánganran họ ẹ̀yìn: ẹ fi òrí pa ẹ̀yìn àti ejìká kó yọ̀ dáadáa, ẹ mú etí ṣíbí tó dán, ẹ máa wọ́ ọ sílẹ̀ láti ọrùn lọ sí èjìká, láti òkè ẹ̀yìn wá sísàlẹ̀, ẹ má kan eegun ẹ̀yìn gan-an, ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó. Ojú ibẹ̀ á pupa, á tò lálálá, á sì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ ṣàn, ẹni tó ní sickle cell, aláboyún, ẹ má họ wọ́n. Ẹ má họ ọmọ iléèwé náà, tíṣà á rí ẹ̀yìn ẹ̀, á bi í pé ta ló lù ú bẹ́ẹ̀.

Ife tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn wọ̀nzámù Àwúsá ti ń fi ìwo ṣe é tipẹ́, àwọn álífáà ń pè é ní hijama, lọ́dún 2016 gbogbo ayé rí àmì róbótó ẹ̀ léjìká Michael Phelps, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ní Olympics Rio. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ má gba oníná, ilé ò gbọdọ̀ jó torí ẹ̀yìn dídùn. Ìṣẹ́jú 5 sí 10, ó tó.

Títẹ̀ tún wà, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ tẹ́ ìka mẹ́ta lélẹ̀ láti ibi ìlà tó wà lọ́rùn ọwọ́, ní inú ọwọ́, ibi tí ìka kẹta parí sí láàárín iṣan méjì yẹn, neiguan nìyẹn, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta. Èébì ọkọ̀, èébì oyún ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń rọ̀ ọ́. Èyí tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, hegu, ni wọ́n ń tẹ̀ fún orí fífọ́ àti eyín dídùn, wọn ò sì gbà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún aláboyún.

Ọ̀rọ̀ aboyún mú mi rántí ìyá ọmọ. Tí ọlọ́mọ tuntun bá wà nílé nígbà tí Àǹtí dé, ẹ gba ilé yẹn là! Àwọn Ṣáínà ní kí ìyá ọmọ jókòó sínú ilé fún oṣù kan, kó má fọwọ́ kan omi tútù, àwọn tó le níbẹ̀ ní kó má tiẹ̀ fọ orí, kó má wẹ̀. Màmá àgbà ní tiwọn ti gbé omi gbígbóná kaná láti aago márùn-ún ìdájí, aṣọ ìnura ti wà lọ́wọ́, wọ́n ti ń dúró de ikùn ẹni ẹlẹ́ni. Kí ìyá ọmọ wẹ̀, omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́, kó sinmi dáadáa bí àwọn Ṣáínà ṣe wí, kó jẹ ọbẹ̀ adìyẹ yẹn, àwọn méjèèjì á sì rò pé tàwọn lẹ tẹ̀ lé. Danggui, egbò tí wọ́n máa ń fi sínú ọbẹ̀ ìyá ọmọ, ẹ yọ ọ́ kúrò tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń dà. Ọmọ ní tiẹ̀, ọyàn nìkan fún oṣù 6, kò mu huanglian, egbò kíkorò tí àwọn Ṣáínà kan máa ń fún ọmọ tuntun, kò sì mu omi àgbo.

Gbẹ́rẹ́ ò gba àlàyé púpọ̀. Ohunkóhun tó bá máa gún ara tàbí là á, kì í ṣe nínú pálọ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n ń gún fún ìrora, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ló ń gún un, ó lè dé ẹ̀dọ̀fóró. Ife tí wọ́n ń fi abẹ ṣá ara kó tó fa ẹ̀jẹ̀, abẹ tí wọ́n fi ṣá ti Àǹtí ò gbọdọ̀ kan tiyín, hẹpatáítísì B pọ̀ láàárín wa, ọ̀pọ̀ tó ní in ò sì mọ̀.

Àgúnmu ló kù: hóró, kápúsù, pọ́ọ̀dà, tíì inú ṣáṣẹ́ẹ̀tì tó ní òun ń jẹ́ kí ikùn lọ. Ibí ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín.

Ẹ rántí Z tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kò ní kẹ́ ẹ sùn lọ o. Oògùn òtútù kan wà tó gbajúmọ̀ gan-an níbẹ̀, 999感冒灵, oníṣáṣẹ́ẹ̀tì, ewé ló wà níwájú páálí ẹ̀, Z ló ní, àmọ́ parasẹtámọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú káfíìnì àti chlorphenamine tó jẹ́ Piriton. Èèyàn á mu ún, á tún ju Panadol méjì lé e torí ó rò pé ewé lòun mu, ẹ̀dọ̀ ló máa san gbèsè ẹ̀. 维C银翘片 náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni 消渴丸, hóró dúdú kéékèèké fún ìtọ̀ ṣúgà. Glibenclamide wà nínú ẹ̀, ohun tó wà nínú Daonil gan-an. Bàbá tó ti ń lo Daonil tí dókítà kọ fún un, tẹ́ ẹ bá tún fún un ní ìyẹn láàárọ̀ kó tó jẹun, ṣúgà ara ẹ̀ á já wálẹ̀, á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ á dàrú, àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ fún un ní omi ṣúgà kíá tó bá ṣì lè gbé e mì, ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Àwọn yẹn tiẹ̀ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sára páálí. Àwọn tí ò kọ ọ́ ńkọ́? Kọfí àti tíì tó ń dín sísanra kù, sibutramine ni wọ́n ti ń bá nínú irú ẹ̀ kárí ayé, oògùn tí wọ́n ti gbé kúrò lọ́jà torí àrùn ọkàn. Oògùn ọkùnrin, sildenafil, ohun tó wà nínú Viagra, ni wọ́n ń bù sínú ẹ̀ láìsọ, ẹni tó ń lo oògùn àyà tó bá mu ún, BP ẹ̀ lè já débi pé á ṣubú. Ní Singapore lọ́dún 2008, glibenclamide ni wọ́n bá nínú irú oògùn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ṣúgà já lára àwọn tó mu ún, àwọn kan kú. Kápúsù orúnkún àti oríkèé tó bá tu èèyàn lára láàárín ọjọ́ kan, ẹ fura, sítẹ́rọ́ìdì ló máa ń wà nínú irú ìyẹn, ojú á wú, ṣúgà á gòkè, BP á gòkè.

Àwọn ewé kan náà wà tí ewu wà lára wọn fúnra wọn. Mahuang ń lé BP sókè, Amẹ́ríkà fòfin de àfikún oúnjẹ tí wọ́n fi ṣe lọ́dún 2004. Gancao tó dùn lẹ́nu yẹn, téèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́, á gbé BP sókè, á sì fa potáṣíọ̀mù ara wálẹ̀. Danshen àti danggui kì í bá warfarin rẹ́. Guan mutong àti guang fangji ní aristolochic acid, ìyẹn ń pa kíndìnrín, ó ń fa jẹjẹrẹ: ní Belgium ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó gba kápúsù ewé Ṣáínà torí kí wọ́n lè tẹ́ẹ́rẹ́ ni kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn. Zhusha, nǹkan pupa tó wà nínú àwọn hóró kan tó ń mára balẹ̀, mákúrì ni. Yàtọ̀ sí danggui inú ọbẹ̀ ìyá ọmọ tí mo ti sọ, tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí nígbà tẹ́ ẹ tú páálí, kò gba àròjinlẹ̀, ó ti kúrò nílé nìyẹn.

Báwo lẹ ṣe máa wá sọ ọ́ fún Àǹtí? Ẹ má ní "kò dáa". Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sórí dókítà, ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀, ó lè gbé e: "Àǹtí mi, ẹ ṣé gan-an, oògùn ọsibítù ni Dádì ń lò lọ́wọ́, dókítà ní kí wọ́n má po nǹkan mọ́ ọn títí dìgbà tí wọ́n máa tún rí wọn, a máa kó o lọ hàn án." Kẹ́ ẹ sì kó o lọ lóòótọ́ o. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ọsibítù Wesley Guild, tàbí Teaching ní Ifẹ̀, ẹ gbé gbogbo nylon yẹn dání, páálí àti ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá fámásíìsì sọ̀rọ̀, wọ́n ní sùúrù fún irú ẹ̀ ju dókítà tí èrò tò síwájú ẹ̀ lọ. Ní OAU lọ́hùn-ún, ẹ̀ka kan wà ní Faculty of Pharmacy tó jẹ́ pé ewé àti egbò tó ń ṣe oògùn ni iṣẹ́ wọn, Pharmacognosy ni wọ́n ń pè é, tẹ́ ẹ bá lọ́mọ níbẹ̀ ẹ rán an níṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan lè pariwo mọ́ yín pé ẹ ń lo àgbo, ẹ jẹ́ kó pariwo, ẹ ṣá sọ ọ́, pàápàá tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹnì kan. Tí ojú bá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ìtọ̀ dúdú bíi kóòkì tàbí kò wá mọ́, tí ara ń yún tó ń wú, tí mímí ń nira, ẹ má dúró de fámásíìsì kankan, ẹ gba ẹmajẹ́ńsì lọ.

Kí Àǹtí tó padà, ẹ fi lísìtì ọdún tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, torí wọ́n á ra nǹkan náà ni, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Ẹ ní hongzao, gouqi, chenpi tó jẹ́ èèpo ọsàn gbígbẹ ti Xinhui, báàmù, ife tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, èyí tí wọ́n dì ní súpámákẹ́ẹ̀tì tó ní déètì. Ẹ ní kí wọ́n má ra kápúsù mọ́, kí wọ́n má ra oògùn ikùn. Tí ààyè bá ṣẹ́ kù nínú bàágì, kí wọ́n fi fúláásíkì omi gbígbóná bíi méjì dí i, ti Ṣáínà máa ń mú iná dàárọ̀.